Dróònù tó ń fi háídrójìn fò: ibo ni gbogbo agbára yẹn ń bọ́ sí?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà nípa dróònù tó ń fi háídrójìn fò yóò kọ́kọ́ pàdé iye kan tó ń ya ni lẹ́nu. Agbára tó wà nínú kìlógíráàmù kan háídrójìn tó nǹkan bí 33,000 wáàtì-wákàtí (wáàtì-wákàtí kan ni agbára tí ohun tó ń ná wáàtì kan ń lò ní wákàtí kan), bẹ́ẹ̀ èyí tó wà nínú kìlógíráàmù kan bátìrì lítíọ́ọ̀mù, irú èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ dróònù ń gbé kiri, kì í sábà ju 150 sí 250 lọ. Bí a bá wo ìṣirò yìí lásán, a ó retí pé kí dróònù tó ń fi bátìrì lo ìdajì wákàtí lókè máa fi háídrójìn lo ọjọ́ méjì ó lé. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá lọ wo èyí tí wọ́n ń tà, yóò rí i pé dróònù alábẹ̀bẹ̀ púpọ̀ tó ń lo fuel cell, ẹ̀rọ tó ń sọ háídrójìn di iná mànàmáná, kì í sábà ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ lófurufú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ni lójú. Àwọn kan á ní àbùmọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa háídrójìn, àwọn mìíràn á sì ní àwọn tó ṣe dróònù náà ni kò mọṣẹ́. Èrò méjèèjì ló ṣìnà. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n iye ti háídrójìn nìkan ni, háídrójìn kò sì lè dá fò. Ohun tí a fi ń gbé e, ohun tó ń sọ ọ́ di iná, ohun tó ń mú ìyẹn náà tutù, gbogbo wọn ni dróònù yóò gbé sókè pẹ̀lú rẹ̀, àpapọ̀ ìwọ̀n wọn ló sì ń pinnu iye wákàtí tí yóò lò. Mo fẹ́ kí a tẹ̀ lé agbára náà láti inú sìlíńdà títí dé orí abẹ̀bẹ̀, kí a lè rí ibi tó ń dín kù sí lójú ọ̀nà, kí a sì mọ ìdí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi gbà pé wàhálà rẹ̀ tọ́ sí i.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fuel cell fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun rárá: láti nǹkan bí ọdún 1839 ni William Grove, ọmọ ilẹ̀ Wales, ti fi hàn pé bí háídrójìn àti ọ́síjìn bá dàpọ̀ di omi lọ́nà tó yẹ, iná mànàmáná a máa tibẹ̀ jáde, nígbà tó sì di ọdún 1965, ọkọ̀ Gemini 5 ti Amẹ́ríkà ti gbé irú ẹ̀rọ yìí lọ sí gbalasa òfurufú. Nínú irú èyí tí dróònù sábà máa ń lò, awọ oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà ní àárín, tí wọ́n fi èérún pílátínọ́mù kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Háídrójìn ń wọlé lápá kan, afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ń wọlé lápá kejì. Nígbà tí háídrójìn bá fara kan pílátínọ́mù, ó máa ń pín sí méjì. Prótọ́ọ̀nù rẹ̀ ń gba inú awọ náà kọjá, ṣùgbọ́n awọ náà kì í jẹ́ kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọjá, nítorí náà ojú wáyà ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù níláti gbà yípo kí ó tó dé òdìkejì. Ìrìn ojú wáyà yẹn ni iná tó ń yí abẹ̀bẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá tún pàdé ní òdìkejì, wọn a bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ dàpọ̀, wọn a sì di omi. Ohunkóhun kì í jó nínú rẹ̀, èéfín kì í sì í jáde. Omi àti ooru nìkan ló ń fi sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kì í mú ju 0.6 sí 0.7 fóltì wá nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to ọ̀pọ̀ wọn léra wọn kí iná rẹ̀ tó lè tó gbé dróònù.

Ohun tó yẹ kí á dì mú ṣinṣin ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ yìí àti bátìrì, nítorí pé orí ìyàtọ̀ náà ni gbogbo iṣẹ́ ìṣètò dúró lé. Bátìrì ń kó agbára pamọ́, òun kan náà ló sì ń tú u jáde gẹ́gẹ́ bí iná. Ẹni tó bá fẹ́ wákàtí púpọ̀ sí i, odindi bátìrì mìíràn ni yóò gbé. Nínú dróònù onífuel cell, iṣẹ́ méjèèjì ti pínyà: sìlíńdà ló ń pinnu iye wákàtí tí dróònù yóò lò, ẹ̀rọ fuel cell ló sì ń pinnu iye wáàtì tó lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. A lè fi sìlíńdà ńlá sí ẹ̀rọ kékeré. Bí ìrìn àjò bá gùn sí i, sìlíńdà nìkan ni yóò tóbi sí i, ẹ̀rọ náà kò ní yí padà púpọ̀. Nítorí náà, bí wákàtí tí a ń fẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni háídrójìn ń jèrè sí i lórí bátìrì. Bí ó bá sì jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ la fẹ́, ẹ̀rọ náà ti wúwo jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí a tó fi háídrójìn kankan sí i.

Ibi àkọ́kọ́ tí agbára ti ń dín kù ni inú ẹ̀rọ náà gan-an. Nínú gbogbo agbára tí háídrójìn gbé wọlé, nǹkan bí ìdajì ló ń jáde gẹ́gẹ́ bí iná, ìdajì yòókù ń di ooru. Èyí kò burú. Kò wọ́pọ̀ kí ẹ́ńjìnnì epo kékeré súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n 33,000 tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti di nǹkan bí 16,500.

Ibi kejì ló ń jẹ ẹ́ jù, sìlíńdà ni. Háídrójìn fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè lọ́nà tó pọ̀ jù, nítorí pé gáàsì ni, kò sì sí gáàsì tó fúyẹ́ tó o. Kí èyí tó pọ̀ díẹ̀ tó lè wọ inú dróònù, wọ́n níláti fún un pọ̀ dé ìfúnpọ̀ 300 báà (nǹkan bí ìlọ́po 300 ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ tó yí wa ká) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ nǹkan bí 20 gíráàmù péré ló ń wọ inú lítà kan ní 300 báà. Ohun tó lè gba irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀ láìbẹ́ kò lè jẹ́ ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Sìlíńdà tí wọ́n ń lò máa ń ní àpò àlùmíníọ́ọ̀mù tàbí ike nínú, wọn a sì fi fọ́nrán kábọ́ọ̀nù wé e nípọnnípọn láti òde. Nínú sìlíńdà kékeré tó kún dáadáa, háídrójìn inú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 4 sí 6 nínú 100 àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Bí ẹni tó ń gbé ìyẹ́ adìyẹ nínú odù irin ni dróònù náà rí: ẹrù fúyẹ́, ohun tí a fi gbé e ló ń wọ ni lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan wò ó. Ká ní dróònù alápá kan, irú èyí tó ní apá bíi ti ọkọ̀ òfurufú, lè ya kìlógíráàmù mẹ́fà sọ́tọ̀ fún orísun agbára, tí ó sì ń ná 400 wáàtì bí ó bá ti dé òkè tí ó ń lọ geere. Bí a bá fi bátìrì tó ní 200 wáàtì-wákàtí nínú kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan kún kìlógíráàmù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, 1,200 la ní. Ẹni tó mọ bátìrì tọ́jú kì í lò ó tán pátápátá, nítorí náà ká mú 960 nínú rẹ̀, èyí tí yóò gbé dróònù náà fún wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Ní ti fuel cell, ká yọ kìlógíráàmù kan ààbọ̀ fún ẹ̀rọ náà pẹ̀lú fáànù rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rẹ̀, ká tún yọ ìdajì kìlógíráàmù fún bátìrì aṣèrànwọ́ tí n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Ó ku mẹ́rin fún sìlíńdà àti rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀, ohun tó ń dín ìfúnpọ̀ gáàsì kù kí ó tó dé inú ẹ̀rọ. Bí ìdá 5 nínú 100 mẹ́rin yẹn bá jẹ́ háídrójìn, 200 gíráàmù ni, agbára inú rẹ̀ sì tó 6,660 wáàtì-wákàtí. Ìdajì ìyẹn tó di iná jẹ́ 3,330. Ní 400 wáàtì, dróònù náà yóò lò ju wákàtí mẹ́jọ lọ.

Ìlọ́po tó lé ní 130 tí a rí níbẹ̀rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀. Lójú tèmi, ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ yìí ló yẹ kí àwọn tó ń polówó máa kọ síwájú, nítorí pé ó tóbi tó láti yí irú iṣẹ́ tí dróònù lè ṣe padà, ó sì jẹ́ òtítọ́. Wákàtí méjì kò tó láti yẹ òpó iná gígùn wò láti ìlú kan dé òmíràn kí a sì padà. Wákàtí mẹ́jọ tó bẹ́ẹ̀.

Ká wá tún ìṣirò náà ṣe fún dróònù kékeré tí kò lè gbé ju kìlógíráàmù kan ààbọ̀ lọ fún orísun agbára. Bátìrì yóò fún un ní 240 wáàtì-wákàtí tó ṣeé ná. Bí ó bá jẹ́ fuel cell ni, ẹ̀rọ rẹ̀ lè gba 700 gíráàmù, bátìrì aṣèrànwọ́ 200, ó ku 600 fún sìlíńdà. Sìlíńdà tó kéré tó báyìí kò sì jèrè bíi ti ńlá, nítorí pé fáàfù àti rẹ́gúlétọ̀ kì í kéré bí sìlíńdà ṣe ń kéré. Bí a bá rí 20 gíráàmù háídrójìn fi sínú rẹ̀, a ti gbìyànjú, iná tó sì máa tibẹ̀ jáde kò ju nǹkan bí 330 wáàtì-wákàtí lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 330 àti 240 kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ gbé gáàsì onífúnpọ̀ ńlá kiri. Ìdí nìyí tí dróònù kékeré tí àwọn ayàwòrán ń lò fi ń lo bátìrì títí di òní.

Títí di báyìí, ọ̀rọ̀ àpapọ̀ agbára la ń sọ. Bí agbára náà ṣe lè yára jáde tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ibẹ̀ sì ni fuel cell ti ń tiro. Kìlógíráàmù kan bátìrì dróònù lè tú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún wáàtì jáde fún ìgbà díẹ̀ láìbẹ̀rù. Kìlógíráàmù kan ẹ̀rọ fuel cell, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń bá a rìn, kì í sábà ju 500 sí 1,000 lọ. Dróònù tó ń gbéra nílẹ̀ lè fẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta wáàtì tó ń ná nígbà tó bá ti dúró sójú kan lókè, bí ìjì bá sì kọlù ú lójijì, yóò tún fẹ́ púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fuel cell kì í fẹ́ irú ìfòsókè bẹ́ẹ̀. Bí a bá bèèrè iná púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí háídrójìn àti afẹ́fẹ́ tuntun tó dé inú sẹ́ẹ̀lì, ebi á pa sẹ́ẹ̀lì náà, fóltì rẹ̀ á já wálẹ̀, bí ó bá sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra, kábọ́ọ̀nù tó gbé pílátínọ́mù dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Ojútùú tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé ni pé kí bátìrì kékeré kan máa bá a rìn. Fuel cell á máa mú iye wáàtì kan wá láìyípadà púpọ̀, bátìrì á máa fi kún un nígbà tí dróònù bá ń gbéra tàbí tí ìjì bá ń jà, lẹ́yìn náà fuel cell á tún máa fi èyí tó bá ṣẹ́ kù kún bátìrì. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣètò lè yan fuel cell tó tó iye wáàtì tí dróònù náà sábà máa ń ná pẹ̀lú àlékún díẹ̀, láìsí pé ó ń ra èyí tó tó fún ìṣẹ́jú kan tó le jù nínú gbogbo ìrìn àjò. Dróònù Ion Tiger tí Naval Research Laboratory, ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ṣe jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára: ó wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 17, síbẹ̀ fuel cell rẹ̀ kò mú ju 550 wáàtì wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, ó lo wákàtí 26 àti ìṣẹ́jú kan lófurufú láìsọ̀kalẹ̀.

Báwo ni 550 wáàtì ṣe gbé kìlógíráàmù 17? Apá ló ṣe é. Dróònù alábẹ̀bẹ̀ púpọ̀ ń fi abẹ̀bẹ̀ ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú tó bá wà lókè, ó sì sábà máa ń ná 100 sí 200 wáàtì lórí kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Dróònù alápá ń lọ síwájú, afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ àti orí apá rẹ̀ kọjá ló ń gbé e, nítorí náà iná kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó borí ìfàsẹ́yìn afẹ́fẹ́ lọ. Fún èyí tí wọ́n ya apá rẹ̀ dáadáa, 20 sí 30 wáàtì lórí kìlógíráàmù kan lè tó. Mo rò pé ohun tí àwọn ènìyàn kì í kíyè sí nìyí nígbà tí wọ́n bá ń fi wákàtí dróònù kan wé ti òmíràn: ìrísí dróònù ń dá kún wákàtí rẹ̀ ju ohun tó ń mu lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pípẹ́ níláti kọ́kọ́ wá apá gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó tó wá háídrójìn.

Ṣùgbọ́n dróònù alápá nílò ibi tí yóò ti sáré gbéra, orí ọkọ̀ ojú omi kò sì ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Delft ní orílẹ̀-èdè Netherlands gbìyànjú láti so ìrísí méjèèjì pọ̀ nínú dróònù tí wọ́n pè ní NederDrone, èyí tí wọ́n fi hàn lọ́dún 2020 pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ náà. Ìrù rẹ̀ ló fi ń dúró nílẹ̀, abẹ̀bẹ̀ méjìlá á gbé e sókè tààrà, nígbà tó bá wá dé òkè á dojú bolẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa fi apá fò. Sìlíńdà rẹ̀ gba lítà 6.8 ní 300 báà, fuel cell rẹ̀ jẹ́ ti 800 wáàtì, ó sì lò ju wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yóò rí i pé háídrójìn inú lítà 6.8 yẹn kò tó 140 gíráàmù. Ohun tó gbé e jìnnà tó bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ ju èso ọsàn kan lọ.

Ooru ni ohun tó ń fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìṣòro jù lẹ́yìn sìlíńdà. Fuel cell tó bá ń mú 500 wáàtì iná jáde ń mú nǹkan bí 500 wáàtì ooru jáde pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì epo ń mú ooru tó ju èyí lọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá èéfín lọ láìsí ẹni tó tì í. Ooru fuel cell kì í bá ohunkóhun lọ bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀rọ ló ń dúró sí, afẹ́fẹ́ ló sì níláti wá gbé e. Ẹ̀rọ náà kò sì gbọdọ̀ gbóná jù. Irú èyí tí afẹ́fẹ́ nìkan ń mú tutù sábà máa ń ṣiṣẹ́ ní àyíká 50 sí 65 dígírì Celsius. Bí ojú ọjọ́ bá ti wà ní 35 tàbí 40, ìyàtọ̀ tó kù kéré, nítorí náà afẹ́fẹ́ púpọ̀ níláti kọjá kí ooru díẹ̀ tó lọ. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé níláti tóbi, ihò tó tóbi sì ń fa dróònù sẹ́yìn, ìfàsẹ́yìn sì ń jẹ wákàtí.

Afẹ́fẹ́ tó ń tu ẹ̀rọ lára yìí kan náà ló ń gbé ọ́síjìn wá fún un, òun kan náà ló sì ń gbẹ awọ àárín sẹ́ẹ̀lì. Awọ náà kì í jẹ́ kí prótọ́ọ̀nù kọjá àyàfi bí omi bá rin ín dáadáa. Bí fáànù bá fẹ́ jù, awọ á gbẹ, iná á dín kù. Bí kò bá fẹ́ tó, omi tí ẹ̀rọ ń ṣe á kún ojú ọ̀nà tí ọ́síjìn ń gbà wọlé, iná á tún dín kù. Kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ ló ń wo fóltì àti ooru, tó sì ń yí fáànù sókè sódò ní gbogbo ìgbà láti wà láàárín méjèèjì.

Lápá ti háídrójìn, nǹkan mìíràn tún wà tí ojú lè rí bí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ìlà fóltì lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n. Ìlà náà á máa rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lójijì á tún fò padà sókè, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ohun tó ń fà á ni pé wọn kì í ṣí ẹ̀yìn apá háídrójìn sílẹ̀, kí gáàsì má baà ṣòfò. Ṣùgbọ́n nítírójìn inú afẹ́fẹ́ ń yọ́ gba inú awọ wá sí apá yìí, omi náà ń kóra jọ síbẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń gba àyè mọ́ háídrójìn lọ́wọ́. Nítorí náà, láti ìgbà dé ìgbà, fáàfù kékeré kan á ṣí fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, á tú ohun tó kóra jọ náà dànù, háídrójìn díẹ̀ á sì bá a lọ. Bí fáàfù bá ń ṣí jù, a ń da epo nù. Bí kò bá ṣí tó, sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìkángun ń bàjẹ́. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n nínú ìrìn wákàtí mẹ́jọ, yíyan àkókò yìí dáadáa lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lófurufú.

Gíga náà ní ti rẹ̀. Ní nǹkan bí 5,500 mítà sókè, ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ ti di ìdajì ti etí òkun, ọ́síjìn tó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì á sì dín kù lọ́nà kan náà. Dróònù tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ níláti gbé ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ìyẹn sì ń jẹ lára iná tí fuel cell ń ṣe. Eruku, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun àti gáàsì onísọ́fọ̀ ń ba pílátínọ́mù jẹ́, nítorí náà asẹ́ kì í wọ́n lẹ́nu ihò afẹ́fẹ́. Háídrójìn fúnra rẹ̀ níláti mọ́: ìlànà àgbáyé fún háídrójìn ọkọ̀ onífuel cell béèrè fún ìdá 99.97 nínú 100, nítorí pé gáàsì kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáídì tó kéré gidigidi ti tó láti lẹ̀ mọ́ pílátínọ́mù kí ó sì dí i.

Bí sìlíńdà bá jẹ́ ohun tó ń jẹ agbára jù, ǹjẹ́ kò sí ọ̀nà tí a lè gbà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀? Ó wà. Bí a bá mú háídrójìn tutù dé 253 dígírì Celsius sísàlẹ̀ òdo, á di olómi, lítà kan rẹ̀ á sì gba nǹkan bí 71 gíráàmù, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti 300 báà lọ. Ìkòkò rẹ̀ kò nílò láti nípọn nítorí ìfúnpọ̀. Ó kàn níláti ní ògiri méjì tí òfìfo wà láàárín wọn kí ooru má wọlé. Nígbà tí Ion Tiger kan náà lo háídrójìn olómi ní oṣù kẹrin ọdún 2013, wákàtí 26 di wákàtí 48 àti ìṣẹ́jú kan. Lọ́dún 2019, iléeṣẹ́ MetaVista ti Gúúsù Kòríà fi háídrójìn olómi gbé dróònù alábẹ̀bẹ̀ púpọ̀ fún ohun tó ju wákàtí méjìlá lọ, èyí tó yani lẹ́nu fún irú dróònù tí wákàtí méjì jẹ́ ohun ìwúrí fún.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ooru díẹ̀ yóò máa yọ́ wọlé, bí ó ti wù kí ìkòkò náà dára tó, háídrójìn á sì máa hó láìdúró. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí a ṣe ìkòkò náà kí èyí tó ń hó kéré sí èyí tí fuel cell ń mu, kí ohunkóhun má ṣòfò nígbà tí dróònù bá wà lókè. Ṣùgbọ́n nílẹ̀, ó ń hó lọ bẹ́ẹ̀ náà. Dróònù tó bá ti kún níláti gbéra láìpẹ́, a kò lè gbé e pamọ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Sísọ háídrójìn di olómi sì ń gba agbára tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn. Dróònù Stalker XE tí iléeṣẹ́ Lockheed Martin ti Amẹ́ríkà ṣe ń gbé propane, irú gáàsì ìdáná kan tí kò nílò ìfúnpọ̀ ńlá, ó sì ń lo irú fuel cell kan tó jẹ́ amọ̀ líle, tó ń ṣiṣẹ́ ní ooru tó ju 600 dígírì lọ. Ó ń lo ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Ó ń pẹ́ kí ó tó gbóná láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n fún ẹni tó wà níbi tí háídrójìn kò lè dé, mo rò pé ìyẹn kì í ṣe owó tó pọ̀ jù láti san.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù pé háídrójìn yóò bú gbàmù. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, nítorí pé háídrójìn lè jó nígbà tó bá wà láàárín ìdá 4 sí 75 nínú 100 afẹ́fẹ́, ìtàpá iná tó kéré gan-an ló sì lè tanná ràn án, ọwọ́ iná rẹ̀ kì í sì í hàn lójú ọ̀sán. Lọ́wọ́ kejì, kò sí gáàsì tó ń yára gòkè tó o, bí ó bá jò níta gbangba, kì í pẹ́ tí í fi í lọ. Ohun tó léwu ni kí ó rí ibi sé mọ́. Nítorí náà, ẹni tó mọṣẹ́ kì í ṣe àpótí tó dé pa lókè sìlíńdà. Ihò níláti wà níbi tó ga jù lára dróònù, fáàfù tó lè pa gáàsì níláti wà lẹ́nu sìlíńdà gan-an, rẹ́gúlétọ̀ sì níláti súnmọ́ ọn, kí ọ̀nà tí ìfúnpọ̀ 300 báà ń gbà kọjá má baà gùn. Lẹ́yìn rẹ́gúlétọ̀, ìfúnpọ̀ tó ń dé inú sẹ́ẹ̀lì kì í sábà tó báà kan ju ti afẹ́fẹ́ lọ.

Rírọ háídrójìn sínú sìlíńdà náà gba sùúrù. Bí a bá ń rọ ọ́ kíákíá, inú sìlíńdà á gbóná, ẹ̀rọ ìwọ̀n á ní ó ti pé 300 báà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tutù, ìfúnpọ̀ á wálẹ̀, a ó sì rí i pé kò kún. Ẹni tí kò mọ èyí á gbéra pẹ̀lú wákàtí tó kéré sí èyí tó rò. Ibi tí háídrójìn náà ti wá tún ṣe pàtàkì: ara gáàsì ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ èyí tó pọ̀ jù lọ láyé títí di báyìí, èyí tí wọ́n bá sì fi iná yọ lára omi ń gba nǹkan bí 50 kílówáàtì-wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún kìlógíráàmù kan. Kò yẹ kí á pè é ní epo mímọ́ láì kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti wá.

Ó ku bátìrì aṣèrànwọ́, tí ìwọ̀n rẹ̀ máa ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn tó ń ṣètò. Ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà, bí a bá ṣe àtúnṣe sí i nítorí ooru, ń sọ iye háídrójìn tó kù fún awakọ̀ dáadáa, nítorí náà kò wọ́pọ̀ kí epo tán lójijì. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lójijì ni kí fáàfù há, kí fáànù dúró, tàbí kí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú ọ̀pọ̀ yẹn bàjẹ́ kí gbogbo rẹ̀ sì pa. Dróònù alápá á ṣì lè fi apá rẹ̀ yọ̀ wálẹ̀. Dróònù alábẹ̀bẹ̀ á já lulẹ̀ bí òkúta. Nítorí náà, ìgbéra nìkan kọ́ ni a fi ń wọn bátìrì náà. A gbọ́dọ̀ ṣírò iye ìṣẹ́jú tí yóò gbà láti ibi tó ga jù, tó sì jìnnà jù nínú ìrìn àjò náà, títí dé ilẹ̀ tó ṣeé bà sí, kí a fi wáàtì tí dróònù náà ń ná sọ ọ́ di púpọ̀, kí a sì gbé ju ìyẹn lọ, kódà bí yóò bá gba ogún ìṣẹ́jú lára wákàtí tí a fẹ́ fi ṣe ìkéde.